Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ, láti ìkókó títí dé ọmọ ọdún méjìlá

Ọmọ tó lè kọ orin A B D láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ò tíì mọ̀wé kà o, orin ló mọ̀. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ kọ lẹ́tà g gbàǹgbà sórí pépà, ẹ bi í pé kí lèyí, ẹ máa rí i pé á rọra padà lọ bẹ̀rẹ̀ orin láti A, á máa kọ ọ́ lábẹ́nu títí tó fi máa kan g, nígbà míì gan-an á ti kọjá ẹ̀ kó tó rántí pé òun ń wá nǹkan. Orin yẹn ò burú, ẹ jẹ́ ó máa kọ ọ́, àmọ́ ẹ má tíì pe àlejò wá wò ó pé ọmọ yín ti di ọ̀mọ̀wé.

Ohun tí mo ní láti sọ ò pọ̀ rárá. Etí ló ń ṣáájú, ẹnu tẹ̀ lé e, ojú wá lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ ló kẹ́yìn. Àwa àgbà la máa ń yí i po, a á ti pẹ́ńsùlù bọ ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ nígbà tí etí ẹ̀ ò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣeé gé sí wẹ́wẹ́, a á wá máa jágbe mọ́ ọn pé kò tẹ̀ lé ìlà. Ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tiẹ̀, tí ẹ bá fo ọ̀kan kò ní hàn lójú ẹsẹ̀, ó lè tó ọdún mẹ́ta mẹ́rin kó tó jáde, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá ní ọmọ yìí ò fẹ́ràn ìwé, bẹ́ẹ̀ kò sì lè fẹ́ràn ẹ̀ torí pé ó ń ni í lára ni.

Ní 1986 àwọn onímọ̀ méjì kan, Philip Gough àti William Tunmer, ṣàlàyé ìwé kíkà lọ́nà tó rọrùn gan-an: wọ́n ní agbára láti pe ọ̀rọ̀ jáde látinú lẹ́tà, ìlọ́po òye èdè, òun ni ìwé kíkà. Ẹ kíyè sí i pé ìlọ́po ni wọ́n pè é o, kì í ṣe àròpọ̀. Tí ọmọ bá lè pe gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ewé ṣùgbọ́n tí kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan, òdo ni. Tó bá gbọ́ èdè dáadáa àmọ́ tí lẹ́tà ò yé e, òdo náà ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ọ̀kan nínú méjèèjì yẹn ló ń tọ́jú.

Ìkókó sí ọmọ ọdún mẹ́ta

Kò sí lẹ́sìnnì kankan níbí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn máa bá ọmọ sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wọṣọ fún un ẹ máa sọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe, "ọwọ́ òsì dà, ó ti wọlé, ó yá gbé ọwọ́ ọ̀tún wá", bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò lè dá yín lóhùn, ibẹ̀ ló ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ, òye èdè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ka ìwé àwòrán fún un, èyí tí ojú ewé ẹ̀ le bíi páálí ló dáa jù torí pé á fi sẹ́nu. Ìwé kan náà ló máa ní kẹ́ ẹ tún kà, kẹ́ ẹ tún un kà, kẹ́ ẹ tún un kà, á ti sú yín pátápátá kó tó sú òun, ẹ fara dà á. Ohun tó ń kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í yí padà, bí wọ́n ṣe kà á lánàá náà ni wọ́n máa kà á lónìí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń bínú tẹ́ ẹ bá dọ́gbọ́n fo ojú ewé kan kẹ́ ẹ lè tètè lọ sùn.

Ẹ má kàn kà á lọ bí ẹni ń ka ìròyìn. Ẹ dúró díẹ̀, ẹ na ìka sí àwòrán, "ajá yìí ń lọ síbo?" kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló máa ń le fún àwa àgbà. Ọmọdé nílò àyè láti ronú, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún nínú yín kẹ́ ẹ tó tún ẹnu là. Tó bá wá sọ pé "ajá lọ", ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀ kẹ́ ẹ fi díẹ̀ kún un: "bẹ́ẹ̀ ni, ajá ńlá yẹn ń sáré lọ bá ìyá ẹ̀." Ẹ má ṣe sọ fún un pé kò sọ ọ́ dáadáa.

Ti fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ ní 2019 pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan ò gbọ́dọ̀ máa jókòó ti ojú ẹ̀rọ rárá, pé ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin ò sì gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 1 lójúmọ́, tó bá dín ní ìyẹn ló tún dáa jù. Tèmi ni pé fídíò tó ń pariwo lẹ́tà ò lè rọ́pò ẹni tó ń dáhùn, torí fídíò kì í dúró de ọmọ, ó kàn ń lọ ni.

Tí wọ́n bá ti tó bí ọdún kan àtààbọ̀ sí méjì, ẹ fún wọn ní crayon tó tóbi àti pépà gbòòrò kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fà á bó ṣe wù wọ́n. Ẹ bi í pé "kí lo kọ?" Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ lójú ẹ̀, ẹ wá kà á sókè fún un. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun lè dúró sórí pépà nìyẹn, iṣẹ́ ìwé kíkọ ọdún méjì ti parí.

Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa, torí òun ni àwọn èèyàn máa ń sáré kọjá jù lọ.

Kí lẹ́tà tó dé, ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ní ègé. Ẹ pàtẹ́wọ́ sí i: bà-tà, ẹ̀ẹ̀mejì. I-lé, ẹ̀ẹ̀mejì. Pẹ́-pẹ́-yẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ wá pàtẹ́wọ́ sí orúkọ tiẹ̀, èyí ló máa ń dùn mọ́ wọn jù, tí orúkọ ẹ̀ bá gùn á máa yangàn lórí ẹni tí orúkọ tiẹ̀ kúrú. Tí ìyẹn bá ti rọrùn fún un, ẹ lọ sí ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "mo rí nǹkan kan nínú yàrá yìí, b-b-b ló fi bẹ̀rẹ̀." Bẹ́ẹ̀dì! Rárá o. Bàtà! Òun ni! Tó bá ti ń lọ sí ọdún márùn-ún, ẹ wá jẹ́ kó le díẹ̀: "sọ bàtà. Ó yá, sọ ọ́ láìsí bà." Tó bá dáhùn "tà" láìronú púpọ̀, etí ẹ̀ ti ṣe tán. Gbogbo èyí ò gba pépà, ẹ lè ṣe é nínú ọkọ̀, ẹ lè ṣe é níbi tẹ́ ẹ ti ń wẹ̀ fún un, ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó.

Ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá ní àǹfààní kan tó jẹ́ pé ohùn ti wà létí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ pa ẹnu dé kẹ́ ẹ fi imú nìkan kùn ún, "m̄-m̀" àti "m̄-ḿ", kẹ́ ẹ bi í pé èwo ni ọkọ̀, èwo ni ọkọ́. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè mọ̀ ọ́n kó má sì mọ bó ṣe mọ̀ ọ́n, ìgbà tó bá wá di pé à ń kọ́ ọ ní àmì ohùn lọ́jọ́ iwájú, kò ní jẹ́ nǹkan àjèjì sí i.

Ó wá kan lẹ́tà wàyí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú orúkọ ẹ̀. Ẹ fi lẹ́tà kékeré kọ́ ọ, torí lẹ́tà kékeré ló kún inú ìwé, lẹ́tà ńlá ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan ti tó ná. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo orúkọ ọmọ sára báàgì, mo rí yín o. Ẹ kọ́ ọ ní ìró, ẹ jẹ́ kí orúkọ lẹ́tà dẹ̀yìn díẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, cat, tọ́mọ bá pe orúkọ àwọn lẹ́tà ẹ̀ tẹ̀ léra, "sí-éè-tíì" ló máa gbọ́, kò sì sí bó ṣe fẹ́ ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ológbò. Ìró m, s, f, l ṣeé fà gùn, mmmm, ssss, ẹ fà wọ́n. Ìró b, t, d ò ṣeé fà, ẹ pè wọ́n ní kúkúrú, ẹ má fi "ù" kún un débi tó fi máa di "bùù", torí ọmọ máa gbé "ù" yẹn wọnú ọ̀rọ̀ ni.

Lẹ́tà wo ló máa kọ́kọ́ wá? Èyí tó máa tètè di ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ló ń bẹ̀rẹ̀ láti s, a, t, p, i, n, torí pé lójú ẹsẹ̀ ni ọmọ máa ti rí sat, pin, tap, nap kà. Lédè Yorùbá, tẹ́ ẹ bá mú a, e, i, b, l, t, ẹ ti ní bàtà, ilé, àlá, ìlà. Lẹ́tà méjì mẹ́ta lọ́sẹ̀ ti tó. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọmọ ní b àti d lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ jẹ́ kí b kọ́kọ́ jókòó dáadáa lórí ẹ̀ fún bí oṣù kan. Ẹ sì jẹ́ kí ẹ, ọ àti ṣ wọlé gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà tó dá dúró, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ pé "e tó ní àmì nísàlẹ̀", lẹ́tà tiẹ̀ ni.

Ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ ò tíì nílò pẹ́ńsùlù tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ará Ítálì kan, Maria Montessori, tó ṣí ilé àwọn ọmọdé ẹ̀ sí ìlú Róòmù ní 1907, máa ń jẹ́ kí ọmọ fi ìka tọ ojú lẹ́tà tí wọ́n gé látara sáńpépà, bí ìka ṣe ń lọ ni ẹnu ń pe ìró ẹ̀. Ẹ lè ṣe é nílé: ẹ fi gọ́ọ̀mù kọ lẹ́tà sórí páálí, ẹ da iyanrìn lé e, ẹ gbọn èyí tó kù dànù. Tàbí kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gbàgẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, kó máa rìn lórí ẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ fún un ní búrọ́ọ̀ṣì àti omi lásán kó máa fi kọ ọ́ sára ògiri, á gbẹ, á tún kọ ọ́. Yàtọ̀ síyẹn ẹ jẹ́ kó máa fi amọ̀ mọ nǹkan, kó máa fi sísọ́ọ̀sì kékeré gé pépà, kó máa sin ìlẹ̀kẹ̀, kó máa de bọ́tìnì ẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìka tó bá lè de bọ́tìnì ló ń múra sílẹ̀ fún pẹ́ńsùlù.

Ọmọ ọdún márùn-ún sí méje

Ìgbà yìí ni ìró àti lẹ́tà máa wá pàdé. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ọ̀kan lójú yín. Ẹ kọ bàtà gbàǹgbà, ẹ fi pépà bo tà mọ́lẹ̀ kó ku bà. Ẹ fi ìka sábẹ́ b, kó pè é, kẹ́ ẹ fa ìka yẹn lọ sábẹ́ a láìgbé e sókè, kí ẹnu ẹ̀ náà máà dúró: ba. Ẹ ṣí pépà, ẹ bo bà, kó ṣe tà bákan náà. Ẹ wá ṣí gbogbo ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ́kọ́ á pè é gátagàta, "ba... ta", láìsí ohùn, á wá dúró, á tún un pè lábẹ́nu, lójijì ojú ẹ̀ á là: "bàtà!" Ẹ ò ní nílò ẹni tó máa sọ fún yín pé ó ti yé e. Ẹ má gbà á sọ fún un kó tó dé ibẹ̀ o, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà.

Tọ́mọ bá wo àwòrán kó tó sọ ọ̀rọ̀, àbá ló ń dá, kì í ṣe pé ó ń kàwé. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán, kó ka ọ̀rọ̀ tán, kẹ́ ẹ wá ṣí i kó fi mọ̀ bóyá ó gbà á. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ní kọ́mọ wo lẹ́tà àkọ́kọ́ kó méfò ìyókù. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ìwé tí ojú ewé ẹ̀ kún fún àwòrán, àwòrán á tán nínú ìwé lọ́jọ́ kan, ọmọ á wá dúró gbagidi.

Lédè Yorùbá, tọ́mọ bá ti mọ lẹ́tà 25 yẹn tó sì lè so wọ́n pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀rọ̀ tí kò ní lè gbìyànjú, torí bí a ṣe ń kọ ọ́ la ṣe ń pè é. Ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀ pé gb, ìró kan ṣoṣo ni, àti pé an, ẹn, in, ọn, un náà, ẹyọ kan ni kó máa kà á sí, bíi ti irin àti ọ̀run, kó má lọ máa pe n lọ́tọ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà 26 péré ló ní, àmọ́ ìró tó ń gbé tó nǹkan bíi 44, sh, th, ch, ee, oa, igh, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó yanjú. Tọ́mọ yín bá ń gbọ́ èdè méjèèjì, ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó gbọ́ jù. Ọgbọ́n síso ìró pọ̀ yẹn, tó bá ti ní i nínú èdè kan á gbé e lọ sí èkejì, ẹ kàn máa fi àwọn lẹ́tà tó ń pààrọ̀ ìró hàn án ni, p ti pátá yàtọ̀ sí p ti pen, àti c, q, v, x, z tí Yorùbá ò ní rárá.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí kan gbáko lọ́jọ́ Sátidé lọ, kẹ́ ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń dùn mọ́ ọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ tiwọn dẹ́rù bà yín. Ní England, láti 2012, wọ́n ń yẹ àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà wò bóyá wọ́n lè fi ìró lẹ́tà ka ọ̀rọ̀, ní Finland ọdún tọ́mọ bá pé méje ló tó ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń mọ̀wé kà.

Ní ti ìwé kíkọ, ẹ wo bó ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ ló máa dì í, ìka àárín á gbé e sókè lábẹ́. Tó bá ń fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ dì í, ẹ má pariwo, ẹ ṣẹ́ crayon sí wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ fún un ní èyí tó kúrú gan-an, ìka mẹ́ta nìkan ló máa ráyè dúró lórí ẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ ní kó fi ìka méjì tó kù di tíṣù kékeré kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ tàbí kó kan nǹkan, ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kanlẹ̀ ò ní lè jókòó pẹ́. Tó bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kàn dà pépà ẹ̀ díẹ̀ sí apá ọ̀tún, kó sì di pẹ́ńsùlù mú sókè díẹ̀ kó lè rí ohun tó ń kọ.

Ẹ kó lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ bákan náà pọ̀. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ bíi c ni a, d, g, o. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọwọ́ á tún gba ara ẹ̀ padà sókè, ni n, m, h, r, b, p. Ẹ rí i pé b àti d ò sí nínú ẹgbẹ́ kan náà, ọwọ́ tó bá mọ̀ pé d ń bẹ̀rẹ̀ láti c á máa ran ojú lọ́wọ́ nígbà tí ojú bá ń dàrú. Tó bá sì ṣì ń kọ ọ́ sódì nígbà míì kó tó pé ọdún méje, kò sí wàhálà, gbogbo wọn ló ń ṣe é.

Ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan tara ẹ̀. Ká ní ó kọ "mo lo sle". Ẹ̀yin mọ̀ pé "mo lọ sílé" ló ń sọ. Kí lẹ máa ṣe? Ẹ má fa bírò pupa yọ. Ẹ kà á sókè bó ṣe fẹ́ kó jẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ gbọ́ s àti l àti e tó kọ, ó gbọ́ wọn dáadáa. Ẹ wá yan ẹyọ kan péré: "fà á gùn kó o gbọ́, síííílé, ìró wo ló wà láàárín s àti l?" Á fi i sí i. Ti ọ tó kọ bíi o, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíì. Onímọ̀ kan, Charles Read, tó wo irú ìwé báyìí lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ní 1971 pé àṣìṣe wọn ní ọgbọ́n nínú, ọmọ tó fi ch bẹ̀rẹ̀ truck ò dá àbá o, ẹ pè é wàràwàrà kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ohun tó wà lẹ́nu gan-an ló kọ.

Ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án

Ó ti ń kà á, àmọ́ ó ń kà á bí ẹni ń gun òkè, nígbà tó bá fi máa dé òpin gbólóhùn ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìyára ló kù. Ẹ mú ìpínrọ̀ kúkúrú kan, ẹ kọ́kọ́ kà á fún un kó gbọ́ bó ṣe ń lọ sókè sódò, ẹ jọ kà á, òun náà á wá dá a kà. Lọ́jọ́ kejì, ìpínrọ̀ yẹn náà. Lọ́jọ́ kẹta, òun náà. Á máa rí i fúnra ẹ̀ pé ẹnu òun ti ń yá. Kọ́mà àti fúlísítọ́ọ̀pù náà, ìgbà yìí ló máa yé e, torí ibẹ̀ lẹnu ń mí.

Tó bá há síbi ọ̀rọ̀ kan, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fi ìka tọ́ka sí ègé àkọ́kọ́, tó bá ṣì le, ẹ sọ ọ́ fún un kẹ́ ẹ máa lọ. "Ṣebí o kà á lójú ewé tó kọjá" ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Láti mọ ìwé tó bá a mu, kó ṣí ojú ewé kan kó máa ká ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò mọ̀, tí ìka márààrún bá tán kí ojú ewé náà tó tán, ìwé yẹn ti le jù láti dá kà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á fún un. Àní ẹ má ṣíwọ́ kíkàwé fún un torí pé ó ti mọ̀ ọ́n kà, etí ọmọ ṣì ń gbóye ju ojú ẹ̀ lọ fún ọdún mélòó kan sí i.

Ìwé kíkọ ìgbà yìí gbọ́dọ̀ ní ẹni tó máa kà á. Dída ìwé kọ látara pátákó kì í ṣe ìwé kíkọ, ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kó kọ létà sí ìyá àgbà, kí ìyá àgbà sì dá a lóhùn. Kó kọ òfin sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀ (ẹ pa á mọ́ o, ẹ kan ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó wọlé). Tí gbólóhùn ẹ̀ bá kúrú jù, ẹ fi ìbéèrè fà á: "Ajá sá." Ajá wo? Nígbà wo? Kí ló lé e? Á di "ajá dúdú yẹn sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí àrá sán." Òun ló kọ ọ́, ẹ̀yin kàn béèrè ni.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá

Jeanne Chall, tó pín ìwé kíkà sí ìpele nínú iṣẹ́ ẹ̀ ní 1983, sọ pé ọmọ kọ́kọ́ máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, bó bá wá tó bí ọdún mẹ́sàn-án, á máa kàwé láti fi kọ́ nǹkan mìíì. Àárín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń rì. Ẹnu ẹ̀ já geere àmọ́ kò mọ ohun tó kà, ọ̀rọ̀ ni kò ní. Ẹ jẹ́ kó ka ìwé lórí nǹkan tó fẹ́ràn, bọ́ọ̀lù, ìràwọ̀, kòkòrò, kó ka bíi mẹ́rin lórí nǹkan kan ṣoṣo yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà á máa padà wá bá a títí á fi di tiẹ̀. Ẹ yé bi í ní "ṣé ó yé ẹ?", bẹ́ẹ̀ ni ló máa sọ. Ẹ ní kó pa ìwé dé kó sọ ohun tó kà fún yín lọ́rọ̀ ara ẹ̀, ibi tó bá ti ń fọ́nká ni kẹ́ ẹ jọ padà sí.

Tó bá ń kọ nǹkan tó gùn, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu, kó kọ ọ́ láìbẹ̀rù írésà, kó wá ka ohun tó kọ sókè. Etí ẹ̀ á bá a mú àṣìṣe tí ojú ẹ̀ fò. Ìgbà kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tún nǹkan kan ṣoṣo ṣe, sípẹ́lì lónìí, bí ìpínrọ̀ ṣe tẹ̀ léra lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tọ́mọ bá há

Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ojú àti etí ẹ̀ wò lọ́dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́, mo bẹ̀ yín, kó má lọ jẹ́ pé pátákó ni kò rí. Tí ojú àti etí bá dáa, tí wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa fún ìgbà pípẹ́, tí kò sì lè so ìró pọ̀, tó ń gbàgbé lẹ́tà tó mọ̀ lánàá, tí ẹni kan sì wà nínú ẹbí tó jìyà ìwé kíkà bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ dyslexia. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ, bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń mú ìró àti lẹ́tà ló yàtọ̀. Ẹ wá ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ọ̀nà ìró yìí náà ni wọ́n máa gbà kọ́ ọ, àmọ́ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àtúnṣe léraléra.

Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ò mọ̀wé kà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ orí ẹ̀, ẹ wá ibi tó ti já. Ẹ ní kó gé ọ̀rọ̀ sí ègé lẹ́nu láìsí pépà. Tí ò bá lè ṣe é, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lẹ máa padà sí. Tó bá lè ṣe é, ẹ ka gbogbo lẹ́tà pẹ̀lú ẹ̀ kẹ́ ẹ máàkì èyí tí kò mọ ìró ẹ̀, ó lè jẹ́ márùn-ún péré. Àmọ́ ẹ má gbé ìwé aláwòrán ọmọ kékeré síwájú ẹ̀ o, ojú á tì í, kò sì ní fi ọwọ́ kàn án. Ẹ fi orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn, ọ̀rọ̀ inú géèmù ẹ̀, tẹ́ẹ̀sì tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi ránṣẹ́, ṣe ohun tẹ́ ẹ máa jọ gé sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí ìyẹn ń lọ, ẹ máa ka ìwé ẹgbẹ́ ẹ̀ sókè fún un lálẹ́, tàbí kó máa fetí sí i lórí fóònù, kí òye ẹ̀ má dúró de ojú ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ṣe é ní yàrá tí àwọn àbúrò ẹ̀ ò sí.